Orúkọ Tí Fáólín Pè

Ìyá mi jẹ́ orúkọ méjì láyé yìí, yàtọ̀ sí èyí tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń pè é, Ìyá Lágbájá, bí wọ́n ṣe máa ń fi orúkọ àkọ́bí pe abiyamọ. Nígbà tí odò gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ, wọ́n pa ìyẹn tì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ tèmi pè é. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ẹnikẹ́ni ò bi mí bóyá mo fẹ́. Mo ń ti ilé ìwé bọ̀ lọ́jọ́ kan ni mo gbọ́ tí obìnrin ilé kejì ń ké láti ẹ̀yìn fẹ́ǹsì, "Ìyá" ló fi ṣíwájú, orúkọ mi ló tẹ̀lé e. Mo dúró. Mo ní, "Ẹ̀n, mà?" Obìnrin náà ní, "Kì í ṣe ìwọ, màmá ẹ ni mò ń pè."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, ó ṣì ń bí mi. Orúkọ tí wọ́n sọ mí, tó jẹ́ tèmi nìkan, ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi tí wọ́n fi bo òkú mọ́lẹ̀. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ò fi pè mí mọ́. "Ọmọ mi" ló ń pè mí láti ìgbà náà, bíi pé ó ti di tirẹ̀. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́, mi ò ní kọ ọ́ síbí o. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ Lágbájá lójú yín. Orúkọ yẹn kì í ṣe ohun tí mo lè máa fi tọrọ àánú kiri.

Ọmọ Agboyi ni ìyá mi, ọmọ apẹja, omi ló mọ̀ kó tó mọ títì. Bàbá mi ló fẹ́ ẹ wá sí Ìkòsì, sáàárín ẹbí onílẹ̀ tó ta ilẹ̀ títí tó fi ku ilé tí à ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn Agboyi ju ibẹ̀ lọ. Bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi báyìí, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà létí odò ló ń lọ. Ọjọ́ tó ń bọ̀ wálé ni ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tó kó iyanrìn gbá ọkọ̀ tó wọ̀, tòun sì dojú dé. Ó mọ̀wẹ̀ dáadáa. Ìyẹn gan-an ni ìyá mi ò lè gbé mì. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí i.

Àwọn ará odò ló sin ín sí etí omi, bí wọ́n ṣe ń sin ẹni tí omi bá gbé. Bàbá mi ò rí ibẹ̀, ìyá mi ò rí ibẹ̀, torí òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Òkú ọ̀fọ̀ ni, wọn kì í kọrin sí i, wọn kì í se oúnjẹ sí i. Wọ́n ti kó aṣọ rẹ̀ kúrò nílé kí ìyá mi tó jí. Bàbá mi wá pe ẹbí jọ sí pálọ̀, ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ orúkọ yẹn mọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, pé ẹkún ìyàwó òun ti tó. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, mo gbà. Àmọ́ ìfẹ́ bàbá mi a máa le ju ẹgba lọ. Gbogbo wọn ló fara mọ́ ọn, títí kan ìyá àgbà alára, torí wọn kì í pe orúkọ irú òkú bẹ́ẹ̀ sétí ìyá rẹ̀. Àánú ni kálukú rò pé òun ń ṣe. Ìyá mi ò bá wọn jà. Ó kàn ń jẹ́ orúkọ mi lọ.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí ìyá mi fi kọ́ mi láti kékeré, tí mi ò tíì lè gbọ̀n dànù lára. Wọn kì í jẹ́ ìpè tí wọn ò bá rí ẹnu tó pè é. "Bó o bá wà lẹ́yìnkùlé tó o gbọ́ orúkọ ẹ, má jẹ́. Wá wo ẹnu mi ná." Ó ní létí odò, ẹni tó ti lọ máa ń pe ẹni tó kù, àti pé ẹni tó bá jẹ́ ti gbà láti tẹ̀lé e nìyẹn. Mo lọ sí yunifásítì, mò ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tó tutù, síbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá pè mí láti yàrá kejì, màá dìde lọ wò ó lójú kí n tó dáhùn. Àwọn ará ọ́fíìsì rò pé ìgbéraga ni.

Ẹnì kan ṣoṣo ni òfin bàbá mi ò ká. Olórin ni, ọmọ Agboyi bíi ti ìyá mi, agídìgbo ló fi ń kọrin, àpótí tí wọ́n kan irin pẹlẹbẹ mọ́, tó máa ń gbé sórí itan tó ń fi àtàǹpàkò ta. Òun ló kọrin níbi ìsọmọlórúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tó wá ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ rẹ̀, ó kí àwọn ará ilé sínú ẹ̀, bí àwọn olórin wa ṣe máa ń ṣe, ìyá mi sì wà lára àwọn tó kí. Orin ọlọ́kọ̀ ojú omi ni:

Odò tó gbé mi lọ,
Òun náà ni ó gbé mi bọ̀.
Ẹ má sunkún mi létí omi,
Òun náà ni ó gbé mi bọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, agídìgbo á dákẹ́, òun nìkan á wá fa ohùn: "Ìyá Lágbájá létí odò, ọmọ rẹ ni yóò gbẹ̀yìn rẹ."

Àdúrà ni. Kò gbà. Bàbá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù náà lórí orúnkún, bí orin yẹn bá sì jáde lórí rédíò, ó ti dìde lọ pa á kó tó dé ibi ìkíni. Ìyá mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà ìdáná, ọṣẹ á wà lọ́wọ́ rẹ̀, á máa wo rédíò tí kò sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí bàbá mi kú, mo wá orin náà lórí fóònù fún un. Èyí tí mo rí, wọ́n ti gé ìkíni kúrò lára ẹ̀. Mi ò sọ fún un pé mo wá a.

Lọ́dún tó kọjá ni àìsàn ọkàn mú ìyá mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó di pé orí ìrọ̀rí mẹ́ta ló ń sùn kó tó lè mí. Mo gbé e wá sọ́dọ̀ ara mi nínú ẹ́sìtéètì tí mò ń gbé, kò jìnnà sí ilé wa àtijọ́. Dókítà pè mí sí kọ̀rọ̀. Kò sọ pé ó máa kú, ó ní kí n máa fún un ní ohunkóhun tó bá wù ú jẹ. Ohun tó ń sọ yé mi.

A ń mu ẹ̀kọ lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan ni rédíò kéde pé olórin náà ń bọ̀ wá kọrin ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní Ìkòsì wa níbí, òun pẹ̀lú odindi ọ̀kẹ́sítírà, àwọn tó ń ta fáólín, tó ń fọn fèrè idẹ, tó ń wo ìwé kọ ọ́ bí òyìnbó. Wọ́n ní gbogbo orin inú rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ rẹ̀ ló máa kọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ìyá mi gbé ṣíbí kalẹ̀. "Mo fẹ́ lọ."

"Mọ́mì, ẹ ò lè gun àtẹ̀gùn."

"Wàá gbé mi lọ."

"Èrò máa pọ̀ níbẹ̀. Dókítà ní..."

"Dókítà ò mọ orúkọ mi," ó ní. "Mo fẹ́ kí ẹnì kan pè mí kí n tó kú. Ẹ̀yin lẹ̀ ń bẹ̀rù. Òun ò ní bẹ̀rù, iṣẹ́ ẹ̀ ni."

"Ẹ lórúkọ kẹ̀. Tèmi ni wọ́n fi ń pè yín."

Ó wò mí. "Tìẹ ni. Mo kàn ń bá ẹ gbé e kiri ni."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo wọ inú ìdáná lọ, mò ń fọ abọ́ tó ti mọ́. Èmi tí mò ń wẹ̀ ẹ́, tí mò ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀ rẹ̀, tí mò ń ka oògùn sí i látẹ́lẹwọ́, kì í ṣe èmi ló ń ṣàárò. Kí n má purọ́, mo jowú òkú. Mo sì ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà.

Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ni. Òjò ti rọ̀ láti àárọ̀, òórùn tòmátì jíjẹrà láti ọjà Mile 12 bá atẹ́gùn wá dé ẹnu géètì wa. Àwọn kan tí omi lé kúrò nílé ní Ajégúnlẹ̀ ń ru mátírẹ́ẹ̀sì kọjá létí títì, ìyá mi gbójú kúrò lára wọn. Ó wọ aṣọ búlúù, ó lé tìróò, ohun tí kò ṣe láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Nínú mọ́tò ó bi mí pé ṣé òun rẹwà. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú, èékánná rẹ̀ náà. Mo ní ó rẹwà, ó sì rẹwà lóòótọ́.

Gbọ̀ngàn náà tutù bí inú fìríìjì. Mo wá àga fún un níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí n lè tètè gbé e jáde bó bá dójú ẹ̀. Àwọn ọ̀kẹ́sítírà wọlé, wọ́n wọ dúdú láti òkè délẹ̀.

Ìyá mi tẹ̀ sí mi létí. "Ta ló kú fún wọn?"

"Aṣọ iṣẹ́ wọn ni, Mọ́mì."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún ohùn ṣe, kálukú ń ta tirẹ̀, kálukú ń fọn tirẹ̀. "Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn?"

"Rárá, wọ́n ń tún un ṣe ni."

"Ó mà ti dùn báyìí," ó ní. Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì já ẹ̀rín náà gbà lẹ́nu ẹ̀.

Ọkùnrin kan jáde wá, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ wá pé ká pa fóònù wa, ká má dìde, ká má gberin, ká má sì pàtẹ́wọ́ àfi bí orin bá parí pátápátá, torí wọ́n ń gbà á sílẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá mi.

"Ká má gberin kẹ̀? Ta ló wá máa gbè é?"

"Àwọn fáólín."

"Fáólín lẹ́nu ni?"

Mo nàka sí pèpéle. Wọ́n ti ń mú olórin náà bọ̀. Ó ti darúgbó ju bí mo ṣe rò lọ, wọ́n dì í lápá mú títí tó fi jókòó, wọ́n gbé agídìgbo lé e nítan. Àmọ́ nígbà tó la ẹnu, ohùn náà ṣì wà níbẹ̀, ó ti ha, kò tíì kú. Ẹni tó ń darí ọ̀kẹ́sítírà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó di ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ mú. Òun ló tún orin baba náà tò sínú ìwé fún wọn. Bó bá gbé ọ̀pá sókè, gbogbo wọn á fa èémí, bó bá sọ ọ́ kalẹ̀, gbogbo wọn á dákẹ́. Mo ti múra láti bínú sí wọn, mo bá a pé ó ń dùn mọ́ mi.

Orin ìyá mi ni wọ́n fi kádìí. Bí àtàǹpàkò baba náà ti kan irin, ìyá mi di ọrùn ọwọ́ mi mú. Odò tó gbé mi lọ, ó kọ ọ́, àwọn fáólín ń rọra tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ìyá mi ń fi ètè kọ ọ́, kò jẹ́ kó jáde. Wọ́n dé ìlà tó gbẹ̀yìn. Agídìgbo dákẹ́. Ibẹ̀ nìyẹn. Èékánná ìyá mi wọ̀ mí lára.

Baba náà la ẹnu. Mo rí i kedere. Ó la ẹnu, ó wo ọ̀ọ́kán, ó sì pa ẹnu dé, ó dorí kodò.

Mo gbọ́ bí èémí ìyá mi ṣe já. Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti parí, ibí ni ọkàn rẹ̀ máa dá sí. Òun náà ò pè é. Òun náà ń bẹ̀rù bíi gbogbo wa.

Olùdarí wá na ọ̀pá rẹ̀ sí ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú, ọmọbìnrin náà sì ta fáólín, òun nìkan. Ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó gòkè, ó fà á díẹ̀. Ìyá. Gẹ́lẹ́ bí baba náà ṣe ń fà á nínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Orúkọ náà sì tẹ̀lé e. Ohùn ló ń gbé èdè wa, bí èèyàn bá kùn ún lásán, ẹni tó ti ń retí ẹ̀ á mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin yẹn ò mọ ohun tó ń ta, ojú rẹ̀ wà lórí ìwé. Irun orí mi dìde. Mi ò tíì gbọ́ orúkọ yẹn láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án.

Wọn ò sì fi mọ síbẹ̀. Mo ti wá mọ̀ pé iṣẹ́ ọ̀kẹ́sítírà nìyẹn, wọn á mú ìlà orin kan, wọn á máa gbé e fún ara wọn. Àwọn fáólín yòókù gbà á, wọ́n pè é. Àwọn fáólín ńlá tí wọ́n ń fi sáàárín orúnkún gbà á, wọ́n pè é nísàlẹ̀ bí ohùn bàbá mi. Fèrè gbà á, fèrè idẹ gbà á lẹ́nu fèrè, wọ́n gé e sí méjì, wọ́n ń pe ààbọ̀ rẹ̀. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi kún gbọ̀ngàn náà, bí ìgbà tí odindi àdúgbò bá jáde wá ọmọ tó sọnù. Àwọn tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń mi orí pé ó dùn.

"Òo," ìyá mi ní.

Ó ti dìde. Obìnrin tí kì í dìde lórí àga bí mi ò bá fà á, ó ti dúró gbọnrangandan. "Òo. Èmi rè é. Mo wà níbí."

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní tijú láti sọ ọ́. Òun tó kọ́ mi, òun tó na ọwọ́ sí ẹnu ara rẹ̀ fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré pé ibí ni kí n máa wò, ohun tí kò lẹ́nu pè é, ó sì jẹ́. Ó tún jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn kan lẹ́yìn wa rẹ́rìn-ín sínú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọge tó ń fi àga han èèyàn sáré wá, ó fọwọ́ kan ìyá mi léjìká.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jókòó, wọ́n ń gbà á sílẹ̀."

"Wọ́n pè é ni," mo ní.

"Mà?"

"Ìyá mi ni wọ́n ń pè látàárọ̀, ó sì ń jẹ́ wọn. Kúrò níwájú wa."

Mi ò mọ̀gbà tí ohùn mi lọ sókè. Baba olórin náà gbórí sókè, ó rí ìyá mi tó dúró. Mo mọ ìgbà tó dá a mọ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ ṣubú kúrò lórí agídìgbo. Olùdarí fún un ní àmì kó wọlé padà. "Odò tó gbé mi lọ," ó kọ ọ́, ó sì dúró síbẹ̀. Kò sọ pé odò náà ni yóò gbé òun bọ̀. Ọ̀pá olùdarí wà lókè, ó ń dúró dè é, nígbà tí kò rí i, ó sọ ọ́ kalẹ̀, àwọn fáólín bá a parí ìlà náà. Àwọn èèyàn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe ṣètò ẹ̀ nìyẹn.

Baba náà ránṣẹ́ pè wá sẹ́yìn. Yàrá kékeré kan ni, ó ti bọ́ fìlà, olùdarí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń nu òógùn. Ìyá mi fẹ́ kúnlẹ̀, baba náà kọ̀ fún un.

"Àbúrò mi, èmi ni mo ní kí wọ́n yọ ìkíni yẹn," ó ní. "Mo gbọ́ nípa ọ̀ràn yẹn nígbà náà lọ́hùn-ún. Wọn kì í pe irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sójú ìyá. Mo sì ti ṣe àdúrà tí kò gbà, ojú wo ni mo fẹ́ fi tún un ṣe?"

"Wọ́n pè é," ìyá mi ní.

"Ta ló pè é?"

"Gbogbo wọn, Ẹ̀gbọ́n."

Inú olùdarí dùn, ó rò pé wọ́n ń yìn ín. "Ìlà yẹn ni, mà? Bàbá ní ká yọ ọ̀rọ̀ ibẹ̀, àmọ́ ohùn ibẹ̀ ló dùn jù nínú rẹ́kọ́ọ̀dù náà, mi ò lè jù ú nù. Òun ni mo fi ṣe òpó gbogbo orin náà."

Mo fẹ́ gbá a létí. Mo tún fẹ́ kúnlẹ̀ fún un. Baba náà wò ó, ó wá wo ìyá mi, mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà ń yé e díẹ̀díẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ ohun tó ti ń gbọ́ níbi ìdánrawò láti ọjọ́ yìí tí kò fiyè sí.

"Ẹ wá fi ẹnu yín pè é," ìyá mi bẹ̀ ẹ́. "Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ó la ẹnu, bó ṣe là á lórí pèpéle. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹnu mi ò gbé e," ó ní. Ó fi fìlà rẹ̀ nu ojú. "Ṣé o jẹ́ ẹ?"

"Mo jẹ́."

"O ò wo ẹnu tó pè ọ́?"

"Kò lẹ́nu," ìyá mi ní.

Ọmọ Agboyi ni àwọn méjèèjì. Wọ́n mọ ohun tí jíjẹ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìyá mi ti ń jẹ́ ìpè nínú ilé mi. Bí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì bá ń kùn, á ní, "Òo." Bí ọkọ̀ bá fọn fèrè lẹ́nu géètì, "Òo, mò ń bọ̀." Mo máa ń sáré wọlé, màá bá a lórí ìrọ̀rí rẹ̀, ojú rẹ̀ á dákẹ́, á máa tẹ́tí. Mo bá a jà. Mo ní, "Mọ́mì, ta ló ń pè yín? Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀."

"Ìwọ náà gbọ́ ọ níjọ́sí," ó ní.

Òótọ́ ni. Mo gbọ́ ọ. Dókítà ní atẹ́gùn ni kò tó o lórí mọ́, ó ní ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń sọ̀rọ̀ báyìí tó bá ti kù díẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Kò fẹ́ lọ sí ọsibítù mọ́, mi ò sì fipá mú un. Mo jókòó tì í, mò ń gbọ́ tó ń dá ẹ̀rọ àti mọ́tò lóhùn, ohun tó sì wá ń bí mi nínú kì í ṣe odò mọ́, kì í ṣe òkú. Gbogbo ilé wa lẹ́nu. Bàbá mi lẹ́nu, àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́nu, olórin lẹ́nu, èmi náà lẹ́nu. Igi àti irin ló wá pe obìnrin yìí lórúkọ.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí ló kú. Wọ́n tẹ pósítà ìsìnkú, orúkọ mi ni ẹbí kọ sí i, Ìyá tèmi, mi ò bá wọn jiyàn. Ohun tó wà láàárín èmi àti òun ti parí láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣáájú ìyẹn.

Oòrùn ti wọ yàrá. Mo ti nu ojú rẹ̀, mo ti fi òróró ra ètè rẹ̀ tó bó. Ó dijú, mo rí i pé ó tún ń tẹ́tí sí nǹkan kan lókèèrè. Mo gbé àga mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbé e síwájú rẹ̀ gan-an, níbi tó ti máa rí ojú mi. Mo la ẹnu. Mi ò mọ̀ pé orúkọ lè wúwo tó bẹ́ẹ̀, pé ahọ́n èèyàn lè gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbé e. Mo pè é. Mo fi Ìyá ṣíwájú, mo fi orúkọ ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀lé e, gbogbo rẹ̀ pátá.

Ó la ojú. Ojú mi kọ́ ló wò, ẹnu mi ló wò. Mo tún un pè, kó lè rí i pé ibẹ̀ ló ti ń jáde.

"Òo," ó ní.

Ó simi díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pè mí, orúkọ mi, tèmi nìkan, kò fi Ìyá ṣíwájú ẹ̀. Mo wo ẹnu rẹ̀, mo sì jẹ́.